Ewé tí Ẹnikẹ́ni Kò Já

Ewé náà kò ní ojú ibi tí wọ́n ti já a. Ohun tí Olójú-Awò kọ́kọ́ rí nìyẹn, ó sì yẹ kó tó ìdí láti dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Gbogbo ewé tí wọ́n bá já lára igi ló máa ń ní ọgbẹ́ nídìí, ibi tí omi ti ń sun tí á sì di dúdú. Ìdí ti èyí rí roboto, ó ń dán, ó sì dì pa bí orí ìka ọmọ tuntun, bí ẹni pé kò wà lára igi kankan rí.

Ó gbójú sókè wo bàbá tó gbé e wá. Bàbá arúgbó kan ni, tó mọ́ tónítóní, aṣọ ìnujú tó fi wé ewé náà funfun ju ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin irúgbìn tán ni, gbogbo ilẹ̀ ọgbà ti rọ̀, ẹrẹ̀ ti gun bàtà ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Bàtà bàbá yìí gbẹ táútáú.

"Wọ́n ní ìwọ lo mọ kòkòrò inú ewé," ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá tí aláìsàn ti ń sùn.

"Mò ń gbìyànjú, Bàbá. Ara igi wo lẹ ti já a?"

"Orúkọ kòkòrò inú rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń rí i."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Tí mi ò bá mọ igi, báwo ni mo ṣe máa mọ kòkòrò?"

"Wàá mọ̀ ọ́n. Ṣáà tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Màá padà wá gbà á."

Ó yíjú, ó jáde. Olójú-Awò wo ilẹ̀ títí. Ipasẹ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mímọ kòkòrò inú ewé ni iṣẹ́ tó sọ Olójú-Awò lórúkọ. Ọgbà irúgbìn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń hu ọsàn, gúáfà àti òdòdó sínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ àwọ̀n tó ń dín oòrùn kù. Àwọn olóko àti àwọn ìyàwó ilé a máa kó ewé wá, wọ́n á ní ìgbín ti rìn lórí igi àwọn, pé kó wo ojú ọ̀nà funfun tó ń yí kiri lára ewé. Á ní kì í ṣe ìgbín. Àfòpiná kan ni, ó kéré débi pé tó bá bà lé èèyàn lápá, onítọ̀hún á rò pé eérú ni. Òun ló ń yé ẹyin sára ewé. Tí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ á wọ àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé, bí ẹni tó ń rá kòrò lábẹ́ ẹní, á máa jẹ ẹran ewé lọ, á sì fi awọ méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ á tín-ín-rín bí òwú ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa fẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀. Ti ọsàn kì í wọ ewé tòmátì, ti gúáfà kì í yà sílé ọsàn. Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà, bóyá àárín ni kòkòrò ń yàgbẹ́ sí tàbí ẹ̀gbẹ́, ohun tí Olójú-Awò fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì dàrú mọ́ ọn lójú, á fi ewé sínú ike funfun pẹ̀lú bébà tó tutù díẹ̀, á dúró kí àfòpiná jáde, kó wo ìyẹ́ rẹ̀.

Kò kà á nínú ìwé. Màmá tó ni ọgbà ló fi kọ́ ọ, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tó fi bọ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́rùn ara rẹ̀, tó fi kọ́ ọ lọ́rùn. "Ojú mi ti ń lọ," ni Màmá wí lọ́jọ́ náà, "ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Tìẹ ò gbọ̀n."

Òfin kan wà tí Màmá kì í jẹ́ kó gbàgbé. Ọ̀nà inú ewé kì í pẹ̀ka, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rin ọ̀nà kan. Tó bá rí méjì lójú ọ̀nà kan, ọ̀kan ń jẹ èkejì ni. Agbọ́n wẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń yé sára kòkòrò inú ewé, ọmọ agbọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa mu ún títí á fi ku awọ. Olóko tó fẹ́ kí kòkòrò kú, kó má fọwọ́ kan agbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de àfòpiná gbọ́dọ̀ mú abẹ́rẹ́, kó gún ọmọ agbọ́n láti òkè awọ ewé, kó má kan kòkòrò. Olójú-Awò ti gún wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò tíì ṣì í gún rí.

Ó gbé ike náà lọ sílé, torí ooru abẹ́ àwọ̀n lè pa ohun tó wà nínú ewé.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kí àbúrò má bàa febi sùn. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú títì ló ń gbé ju ilé lọ. Wọn ò tíì bímọ. Oyún ti bàjẹ́ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, lẹ́yìn tó ti fayọ̀ sọ fún tẹbí tará, gbogbo wọn ló sì tún padà wá bá a kẹ́dùn, tí wọ́n jókòó títí tí ìbánikẹ́dùn di ìyọnu. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í dá sílẹ̀ nínú ilé náà.

Ojú fèrèsé tí maṣíìnì ìránṣọ wà ló gbé ike lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó.

"Ó tún ti gbé wọn dé. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wo fóònù, ìwọ ń wo ìgbẹ́ kòkòrò. Ọkọ tó bá máa fẹ́ ẹ, àpò ewé ló máa gbé kọ́ apá wá."

"Àǹtí, ẹ wá wò ó ná. Ẹ di ojú kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi awò sójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Olójú-Awò ṣàlàyé ọ̀nà fún un, ó ṣàlàyé agbọ́n àti bí òun ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ rẹ̀, àti ìdí tí méjì kì í fi í wà lójú ọ̀nà kan láìjẹ́ pé ọ̀kan ń jẹ èkejì.

"Wọ́n burú o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì dá awò padà. Ó jókòó sẹ́yìn maṣíìnì, ó sinmi orí lé e díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ó ti ń rù láìpẹ́ yìí. Tíì tó máa ń mu láràárọ̀, òórùn rẹ̀ nìkan ti ń lé e jáde báyìí. Tí àbúrò rẹ̀ bá béèrè, á ní ara ló rẹ òun, iṣẹ́ ló pọ̀.

Ewé náà kò rọ. Bébà inú ike gbẹ, Olójú-Awò gbàgbé láti rin ín, síbẹ̀ ewé tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ ń gùn sí i. Kò jọ ti ọsàn, kò jọ ti gúáfà, kò jọ èyí tó ti rí rí. Ó bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń yí kiri bí ọmọdé tó ń ṣeré, ó wá ṣẹ́ lójijì, ìgbẹ́ dúdú àárín rẹ̀ sì já níbẹ̀ bí òwú tí wọ́n fi eyín gé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà lọ gbọọrọ, kò ṣeré mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó tẹ̀ ba ike, ó ń wo kòkòrò náà, oòrùn ń gba ẹ̀yìn ewé wọlé. Ó ń gbọ́ sílípáàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ń lọ. Sílípáàsì dúró. Kòkòrò dúró.

Kò kọ́kọ́ ro nǹkan kan. Sílípáàsì tún bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná. Kòkòrò gbéra. Kòkòrò inú ewé kì í kánjú, jíjẹ ló ń jẹ ọ̀nà rẹ̀, èèyàn lè fi ìdajì òwúrọ̀ ṣọ́ ọ kó má tíì kúrò lójú kan. Èyí ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Olójú-Awò tẹ̀ sún mọ́ ọn sí i. Kò gbé ojú kúrò lórí awò.

"Àǹtí," ó pè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi wá."

"Ẹsẹ̀ ẹ dùn ẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n sílípáàsì yí padà. Nínú ewé, kòkòrò náà yí orí rẹ̀ padà, ó sì ń bọ̀.

Ó ń bọ̀ títí sílípáàsì fi dé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ife omi kan èjìká rẹ̀, tútù nini, ó sì fò dìde débi pé omi náà dà sí i láyà.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. "O dà bí ẹni tó rí òkú."

"Kò sí nǹkan, Àǹtí."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó tún wo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tó ti ń ṣeré, ó wo ibi tó ti ṣẹ́. Ó mọ ọdún tó ṣẹ́. Òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú ìyá wọn jáde.

Ó wá wo kòkòrò náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ojú tuntun, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tirẹ̀ tó sùn. Ìgbà náà ló rí i. Ohun kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ ikùn. Ó mọ́ gaara bí omi, ó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́, ó sì ń lù kìkì, kìkì, bí ohun tó ń mu nǹkan.

Gbogbo rẹ̀ wá bára mu lójú rẹ̀: rírù, àárẹ̀, òórùn tíì. Nǹkan kan ń mu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó dé ọgbà, ó bá Màmá níbi tó ti ń po ilẹ̀ pọ̀.

"Màmá, mo rí méjì lójú ọ̀nà kan."

"O fẹ́ kó yè àbí o fẹ́ kó kú?"

"Mo fẹ́ kó yè."

"Kí lo wá ń bi mí sí? Ṣé òní lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni? Gún un."

"Tí kì í bá ṣe agbọ́n ńkọ́?"

Màmá gbọn ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó wò ó. "Kí ló tún lè jẹ́? Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, tó ń dàgbà, tí ẹni tó lẹ̀ mọ́ sì ń rù, o tún ń wá orúkọ fún un? Tó bá pẹ́ jù, ọwọ́ ẹ ò ní ká a mọ́."

Síbẹ̀, kò yá a lára. Ó délé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dùbúlẹ̀, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Mo ti lọ. Wọ́n ní kí n sinmi."

"Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe yín?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àjà. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì tún pa á dé. "Ìwọ náà sinmi. Tó bá tó àkókò, wàá gbọ́."

Tó bá tó àkókò. Bí ìyá wọn ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kó tó di pé wọn ò rí i mọ́. Olójú-Awò jáde nínú yàrá kó má bàa sunkún níwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e, òòyì kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí omi ẹ̀rọ. Garawa dà nù, ó di ògiri mú, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ó ní kí àbúrò òun má wo òun bẹ́ẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lọ jókòó.

Olójú-Awò lọ síbi fèrèsé. Ó mú abẹ́rẹ́ kan nínú agolo abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó tín-ín-rín jù, tí wọ́n fi ń ṣẹ́ etí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ṣí ike. Ó gbé ewé lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ewé náà gbóná bí ara èèyàn. Ó fi awò sójú. Ohun kékeré náà ń lù kìkì, kìkì. Ó mú èémí dúró, bí Màmá ṣe kọ́ ọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ la awọ ewé kọjá. Ohun kékeré náà fọ́, ó di omi, kò lù mọ́. Kòkòrò ńlá ká jọ ṣókí, ó dúró gbagidi.

Ife kan já bọ́ ní ilé ìdáná.

"Kékeré mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ tó ń pè é nígbà tí ó ṣì ń pọ̀n ọ́n. "Kékeré mi, máa bọ̀. Ó dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi nínú."

Ó sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú ọ̀nà yàrá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn. Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kẹ́yìn, àwọn wo inú rẹ̀, ohun gbogbo dára, àwọn rí ọkàn ọmọ náà lórí ẹ̀rọ tó ń lù kìkì.

"Ọmọ wo?" ni Olójú-Awò béèrè.

Nọ́ọ̀sì wò ó, àánú sì ṣe é. "Kò sọ fún ẹ?"

Lórí ibùsùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó di abẹ́rẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára bí ẹni pé àbúrò ló ń ṣàìsàn.

"Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dúró dáadáa kí n tó sọ fún ẹ," ó wí. "Mo rántí bí gbogbo wọn ṣe wá jókòó tì mí nígbà yẹn. Mo ní, jẹ́ kó dúró ná. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún, kí baba rẹ̀ gan-an tó gbọ́."

Olójú-Awò kò sọ ohun tó ṣe fún un lọ́jọ́ náà. Kò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n padà sílé, kò sì jẹun dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú agolo, ó bọ́ awò lọ́rùn, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì gbé ike náà padà lọ sí ọgbà, torí kò lè sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ewé náà mọ́.

Bàbá náà ti wà níbẹ̀, ó dúró láàárín irúgbìn ọsàn. Ilẹ̀ tutù, bàtà rẹ̀ gbẹ.

"Ṣé o ti wá mọ orúkọ rẹ̀?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àti ibi tí wọ́n ti ń rí i?"

Olójú-Awò na ike sí i. "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é fúnra yín?"

"Mi ò lè ṣe é." Ó gba ike náà bí ẹni gba ẹyin. "Abẹ́rẹ́ tèmi kì í wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú nìkan ni awọ ewé yẹn máa ń gbà wọlé. Tí kò bá sì mọ iṣẹ́, kò ní rí ibi tó máa gún."

Ó ki ike sápò. Ó sì tú aṣọ ìnujú rẹ̀. Ewé mìíràn wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ dì pa, ó ń dán. Ọ̀nà inú rẹ̀ kò tíì fẹ̀ púpọ̀. Olójú-Awò kò nílò awò láti rí kòkòrò tó jẹ́ kókó dúdú ní òpin rẹ̀. Olójú-Awò fà sẹ́yìn. Kókó dúdú náà fà sẹ́yìn. Olójú-Awò dúró. Kókó náà dúró.

"Ẹ fún mi," ó wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi."

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ." Ó tún un wé pẹ̀lú sùúrù. "Ẹnì kan wà tó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó o ṣe fẹ́ràn ara ẹ lọ. Ó sì ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà."

Ó rọra rìn jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, bí àgbàlagbà tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ. Màmá pe Olójú-Awò látẹ̀yìn pé, "Awò ẹ dà lónìí?" Nígbà yẹn ni ó rántí ibi tó gbé e sí. Ó ki eré mọ́lẹ̀. Ní ojú títì, kò rí bàbá náà níwájú, kò rí i lẹ́yìn. Ó sáré kọjá ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ó kọsẹ̀ níwájú ilé alágbàfọ̀, ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ó dìde, ó tún sáré.

Ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbi fèrèsé, oòrùn ń gba èjìká rẹ̀ wọlé. Awò wà lójú rẹ̀. Ewé wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà ní ọwọ́ kejì.

"Mo ti ń rí ẹ bọ̀ látọ̀nà jíjìn," ó wí láìgbé orí sókè. "O kọsẹ̀ níwájú ilé alágbàfọ̀. Ṣé o ò fi ara pa?"

"Àǹtí. Ta ló fún yín nìyẹn?"

"Bàbá kan tó mọ́ tónítóní. Ó ní ara ẹ ò yá, pé o ò sì ní sọ fún mi. Mi ò bá a jiyàn. Àwa méjèèjì, a ò mọ nǹkan sọ fúnra wa." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó kún fún ìfẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ẹ́ tí ò ń rù, tí o kì í jẹun. Mo ní kí ló ń mu ọmọ yìí? Mo ti wá rí i báyìí. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọ. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé méjì kì í wà lójú ọ̀nà kan."

Olójú-Awò fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà. Kò lóyún. Kò ṣàìsàn. Kò mọ ohun tó lè lẹ̀ mọ́ òun, bóyá ohun náà ló sì ń mú un mí. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, àfi kó sọ ohun tí abẹ́rẹ́ kan náà ti ṣe lójú fèrèsé yẹn.

"Àǹtí, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Abẹ́rẹ́ yẹn, èmi ni mo..."

"Dákẹ́ ná. Dúró jẹ́ẹ́, Kékeré mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì mú èémí dúró. "Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."